Ta Ni Yóò Gbé Ọmọ Lọ sí Tọ́ílẹ́ẹ̀tì Láago Méjì Òru?

Irú ènìyàn mẹ́ta ló ń ba ìpàgọ́ jẹ́ fún ìdílé Yorùbá ní Ìlú Ọba. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ní ìyà ni ìpàgọ́, nítorí náà òun ò ní lọ. Ìkejì ni ẹni tó ní ìyà ni ìpàgọ́, nítorí náà ó yẹ kí gbogbo wa lọ jẹ ẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Ìkẹta ni oníṣòwò tó ní òótọ́ ni, ìyà ni, àmọ́ bí ẹ bá lówó lọ́wọ́, òun á bá yín mú ìyà náà kúrò. Ẹ wò wọ́n dáadáa. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bára wọn jiyàn, bẹ́ẹ̀ irọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń pa. Irọ́ yẹn ni mo fẹ́ bá jà lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mò ń pè ní ìpàgọ́, ká má baà gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mi ò sọ ti ẹni tó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, tó ń gun òkè, tó ń mu omi odò. Mò ń sọ ti bàbá, ìyá, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, bóyá màmá àgbà tó wá kí wọn láti Àkúrẹ́, tí wọ́n kó ẹrù sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, tí wọ́n wakọ̀ wákàtí mẹ́ta kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, tí wọ́n fẹ́ sùn nínú àgọ́ fún òru mẹ́ta, kí àwọn ọmọ sáré lórí koríko, kí àwọn òbí náà ráyè jókòó. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún irú ìdílé yìí, ibùdó tí wọ́n yàn ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe àgọ́ tí wọ́n rà. Ẹ lè ra àgọ́ ẹgbẹ̀rún pọ́ùn; bí ibùdó ò bá dáa, ẹkún lẹ máa kó bọ̀ wálé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bí ẹ bá sọ fún ẹ̀gbọ́n kan ní Peckham pé ẹ fẹ́ lọ pàgọ́, ẹ ti mọ ohun tó máa sọ: “Èmi tí mo sanwó físà kúrò níbi tí wọ́n ti ń mú iná lọ, kí n tún wá sanwó kí n lọ sùn nínú igbó?” Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ kì í ṣe òótọ́. Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà, bó bá wà nílé lóṣù kẹjọ, á lọ sí Camp lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn fún Convention, á tẹ́ ẹní sílẹ̀, á sùn láàárín èrò tí kò mọ̀ rí, á sì dìde jẹ́rìí pé òun gbádùn. Ó ti ṣe NYSC, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lórí bẹ́ẹ̀dì onírin. Ìbàdàn pàápàá tí a fi ń yangàn, ibùdó ogun ló jẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1829, kó tó di ìlú. A ń pàgọ́, a ń dó, a ń tẹ̀dó: èdè wa ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀rọ̀ fún un.

Nítorí náà, kì í ṣe ilẹ̀ ló ń ba ẹ̀gbọ́n lẹ́rù, kì í sì í ṣe àgọ́. Ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti sìnlú níbùdó tí omi ò ti yọ, tó mọ ohun tí àwọn corper ń pè ní shot put (ẹ má jẹ́ kí n ṣàlàyé, ẹlòmíràn lè máa jẹun lọ́wọ́), irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò ní gbàgbé láéláé. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí wẹ̀ lẹ́yìn ilé kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Bó bá gbọ́ “camp”, ara rẹ̀ ló ń rántí. Mi ò bá a wí. Mo kàn fẹ́ kó pe nǹkan náà lórúkọ tó ń jẹ́ ni. Bó bá sọ pé “ìpàgọ́ kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú,” ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lójú. Ṣùgbọ́n bó bá sọ pé “mi ò lè lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìdọ̀tí,” ó dáa, a ti rí ìṣòro tó ṣeé yanjú.

Ìyẹn ni ti àwa. Ẹnì kejì ni mò ń pè ní wòlíì ìyà. Ẹ máa rí i níbi iṣẹ́; bàtà òkè rẹ̀ nìkan tó owó ilé oṣù kan ní Ìbàdàn. Lójú tirẹ̀, ibùdó tó bá ní omi gbígbóná kì í ṣe ibùdó gidi. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ ibi tí iná mànàmáná wà, á wò yín bí ẹni tó ń fi fọ́ọ̀kì jẹ iyán. Bí àpẹẹrẹ bá tán lẹ́nu rẹ̀, á gbé ìtàn jáde.

Ìtàn ò sì sí lẹ́yìn rẹ̀. Thomas Hiram Holding, ẹni tí ọ̀pọ̀ ń pè ní bàbá ìpàgọ́ ìgbàlódé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, télọ̀ ni. Ní 1901 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Association of Cycle Campers sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó padà di Camping and Caravanning Club tòní. Kí ni télọ̀ yìí ń fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá? Bí àgọ́ á ṣe fúyẹ́ débi pé ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ á lè gbé e láìdùn ún. Ní 1908 ó kọ odindi ìwé, The Camper's Handbook, láti fi kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìrọ̀rùn ni bàbá ń wá kiri. Àwọn ọmọ ló sọ ìyà di ẹ̀sìn.

Wọ́n á tún dárúkọ Kinder Scout. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èwe òṣìṣẹ́ láti Manchester àti agbègbè rẹ̀ rìn wọ orí òkè tí àwọn olówó fi ṣe ibi ìdọdẹ ẹyẹ, wọ́n sì ju márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ló bí òfin National Parks ti ọdún 1949, tí Peak District fi di National Park àkọ́kọ́ ní 1951. Àmọ́ ọ̀nà ni wọ́n ń jà fún, ìyẹn ni pé kí ọmọ òṣìṣẹ́ náà lè fẹsẹ̀ tẹ orí òkè. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó lọ sẹ́wọ̀n torí kí omi ṣáwà lè tutù.

Ti Dartmoor náà ńkọ́? Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Supreme Court dá a pé ẹ̀tọ́ láti sùn lórí ilẹ̀ gbalasa Dartmoor láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ ṣì wà digbí. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n Dartmoor nìyẹn. Níbi tó pọ̀ jù lọ ní England àti Wales, ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ onílẹ̀ kí ẹ tó kan igi àgọ́ mọ́lẹ̀. Scotland ló ní òfin tirẹ̀ láti 2003 tó fi àyè sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí Dartmoor pàápàá, ẹni tó gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn ni wọ́n ń retí, kì í ṣe àgọ́ oníyàrá mẹ́ta pẹ̀lú kúlà ọbẹ̀ ata. Fún ìdílé, ibùdó tí à ń sanwó fún ló kù. Bí a bá sì ti ń sanwó, kí ló dé tí a ò ní béèrè ohun tí owó wa rà?

Ìbéèrè kan wà tí wòlíì ìyà kì í dáhùn: ta ló ń jẹ ìyà ọ̀hún? Ẹ lọ sí ibùdó èyíkéyìí nínú oṣù kẹjọ kí ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin á fi ogójì ìṣẹ́jú kan igi àgọ́, á nà ẹ̀yìn, á ṣí bíà, iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí. Láti ìgbà yẹn lọ, ta ló ń fi omi tútù fọ abọ́? Ta ló ń wá ibi tí yóò sá aṣọ tó rin gbindin sí? Ta ló ń mú ọmọ lọ tọ̀, tó ń mú un bọ̀, tó tún ń mú un padà lọ torí ọmọ ní òun gbàgbé pé òun fẹ́ yàgbẹ́? Bí ẹ bá pín ìyà fún ẹlòmíràn, ẹ ò lè pe ara yín ní akin.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi bá wa yan ibùdó kan ní ìwọ̀-oòrùn Wales. Ó ní ibẹ̀ ni ìpàgọ́ gidi wà, kò sí ariwo, kò sí ọ̀ṣọ́. Lóòótọ́, òkun wà níwájú wa, ó rẹwà dé góńgó. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì méjì péré ló wà fún gbogbo pápá, lókè téńté, lẹ́yìn ọgbà àgùntàn. Òjò bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́wàá alẹ́. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà, ní inú ń run òun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìyàwó mi gun òkè yẹn lóru. Èmi gùn ún lẹ́ẹ̀mejì, torí ọmọ ní Mọ́mì lòun fẹ́. Nígbà tó di àárọ̀, ọkùnrin tó yan ibẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ṣé a rí bí oòrùn ṣe yọ. Ìyàwó mi kà á, ó gbé fóònù kalẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣègbéyàwó mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, software ni mò ń kọ. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó bá gbọ́n kì í fi ọjọ́ tí gbogbo nǹkan ń lọ geere dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, tí ẹni tó ń lò ó ń kánjú, tó tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀, ọjọ́ yẹn la fi ń mọ̀ bóyá ohun tí a ṣe dáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibùdó. Bí oòrùn bá ràn, kò sí ibùdó tí kò dáa. Aago méjì òru ni kí ẹ fi dán an wò: òjò ń rọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin jí, ó ní òun fẹ́ tọ̀. Báwo ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì ṣe jìn tó? Ṣé iná wà lójú ọ̀nà? Ṣé ilẹ̀kùn ní kóòdù tí ẹ gbọ́dọ̀ rántí nínú oorun? Ṣé àyè wà nínú rẹ̀ tí àgbà àti ọmọ lè jọ wọ̀ láìfi ẹ̀yìn nu ògiri? Ṣé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wà, bó bá ṣẹlẹ̀ pé ìtọ̀ ti yọ sára aṣọ kí ẹ tó débẹ̀?

Ẹlòmíràn á ní ṣebí póò wà. Ó wà. Ẹ gbé e dání, kódà ẹ gbé méjì. Àmọ́ póò ò lè wẹ ọmọ, màmá àgbà láti Àkúrẹ́ ò sì ní jókòó lé e.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò nípa ibùdó ni fọ́tò tọ́ílẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí wọ́n bá fi fọ́tò ogún hàn mí, tí mẹ́rìnlá nínú rẹ̀ jẹ́ ti oòrùn tó ń wọ̀, tí mẹ́fà jẹ́ ti ajá, tí kò sí ti balùwẹ̀ ẹyọ kan, mo ti rí ìdáhùn mi. Ẹni tó ní balùwẹ̀ tó dáa á fẹ́ kí ẹ rí i. Àwọn ibùdó kan ní yàrá ìwẹ̀ ìdílé, tí ẹ lè tì mọ́ra yín pẹ̀lú ọmọ méjì, tó ní bẹ́ńṣì àti ibi ìpààrọ̀ nápì. Irú ibẹ̀ tó pọ́ùn márùn-ún àfikún lálẹ́ kan. Ẹ san án kí ẹ sì dúpẹ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò fura sí. Láti oṣù keje ọdún 2023, òfin ìlò ilẹ̀ ní England ti gbà kí onílẹ̀ sọ pápá rẹ̀ di ibùdó ìpàgọ́ fún ọgọ́ta ọjọ́ lọ́dún, láìṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé béèrè àṣẹ bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé, bí àyè àgọ́ ibẹ̀ ò bá ti ju àádọ́ta lọ. Ọjọ́ 28 ni tẹ́lẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí, ó gbọ́dọ̀ pèsè tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti ọ̀nà ìkódọ̀tí. Ṣùgbọ́n àpótí oníke aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wá, tọ́ílẹ́ẹ̀tì lòun náà ń jẹ́. Mi ò sọ pé irú pápá bẹ́ẹ̀ burú o. Ó sábà máa ń dínwó, àyè máa ń wà, àwọn ọmọ á sì rí màlúù. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ mọ èyí tí ẹ ń sanwó fún: ṣé ibùdó tó wà níbẹ̀ látọdún dé ọdún, àbí pápá tí àgbẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ìgbà ooru? Ìbéèrè kan lórí fóònù ló máa fi hàn.

Ilẹ̀ náà ní tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dagun, gbogbo ọmọ á yí sí igun kan kí ilẹ̀ tó mọ́, bí iṣu nínú apẹ̀rẹ̀. Bó bá wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ibẹ̀ ni omi òjò ń lọ. Bó bá wà létí òkun láìsí igi tàbí ọgbà tó dínà atẹ́gùn, ẹ máa gbọ́ ariwo aṣọ àgọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ti òjò fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ ọ́. Ní Seathwaite, ní Lake District, òjò tó ń rọ̀ lọ́dún ju mìlímítà 3,000 lọ. Ní àwọn apá kan Essex, kò tó 600. Ìlọ́po márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ! Síbẹ̀, gbogbo ìdílé tó bá fẹ́ pàgọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, Lake District ni wọ́n máa ń dárúkọ torí òun ló wà nínú fọ́tò. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọdún kẹta. Suffolk, Norfolk àti Essex wà níbẹ̀. Kò sí òkè ńlá, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin ò bi yín léèrè òkè.

Nípa iná mànàmáná, ẹ̀kọ́ físíìsì kékeré kan máa gbà yín lọ́wọ́ ìtìjú. Wáyà tí ibùdó bá fún yín sábà máa ń gbé 10 amp tàbí 16. Ẹ fi 10 ṣe ìlọ́po 230 volt, 2,300 wáàtì lẹ ní. Kẹ́tùlù ilé yín lè máa jẹ tó 3,000. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, iná á já, ẹ ó sì máa wá olùtọ́jú ibùdó kiri nínú aṣọ alẹ́ kó wá bá yín tan án padà. Ẹ ra kẹ́tùlù kékeré tí kò jẹ iná púpọ̀. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń se ìrẹsì, tí kò bá ti tóbi, kò sábà ju 700 wáàtì lọ. Jọ̀lọ́ọ̀fù lè jáde nínú àgọ́ láìsí wàhálà. Èmi ti rí i kó ṣẹlẹ̀, òyìnbó ìtòsí wa fi ọgbọ́n wá béèrè bóyá a ní iyọ̀.

Ibì kan wà tí mi ò ti ní ṣeré. Ẹ má gbé àdògán eléèédú, barbecue, tàbí sítóòfù oníná èyíkéyìí wọnú àgọ́. Kì í ṣe bí òjò bá ń rọ̀, kì í ṣe bí òtútù bá ń mú ọmọ, kì í ṣe bí iná rẹ̀ bá ti dà bí èyí tó kú. Èédú tí ẹ rò pé ó ti kú ṣì ń tú carbon monoxide jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdí kan rèé tí mo fi ń bínú sí wòlíì ìyà: bí ẹ bá mú ìdílé tí òtútù ń mú dé ibi tí kò sí iná, tí kò sí yàrá gbígbóná kankan, ẹ ti fi ìdánwò síwájú wọn. Òru nínú oṣù kẹjọ lè bọ́ sí díkírì mẹ́wàá tàbí kó dín. Ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì kan ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀rùn kan sì tún wà tí wòlíì ìyà ò mọ̀ rárá, torí kò nílò rẹ̀ rí. Ìyẹn ni kí ènìyàn wọ ibùdó kí gbogbo ojú má yí sí i. Ní 2019, àyẹ̀wò tí ìjọba gbé fún Julian Glover lórí àwọn National Park sọ ọ́ láìfi bò pé ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú àti ará Éṣíà níbí ń wo ìgbèríko bí ilé onílé. Lọ́dún yẹn kan náà ni Rhiane Fatinikun dá Black Girls Hike sílẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa, Yorùbá ni. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn wá. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Lewisham, tí wọ́n mọ Thorpe Park àti gbọ̀ngàn ìjọ, ilẹ̀ yìí ni ilẹ̀ wọn. Òfin 1949 ò kọ àwọ̀ kankan síbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀tọ́ ni ẹ̀tọ́, ìfọ̀kànbalẹ̀ sì ni ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ̀ bí wọ́n bá ń wo bàbá rẹ̀ bí olè.

Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń pè wọ́n lórí fóònù pẹ̀lú orúkọ mi gbogbo, mi kì í gé e kúrú. Mo máa ń gbọ́ bí ẹni tó gbé e ṣe ń dá mi lóhùn. Mo máa ń wá ibi tí olùtọ́jú ti ń sùn nínú ibùdó gan-an, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà fóònù sára igi, torí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru, mo fẹ́ ẹnu ọ̀nà tí mo lè kàn. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìdílé méjì tàbí mẹ́ta ni kó jọ lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò yín á wò yín, ẹ̀yin náà á sì máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Àwa náà kì í ṣe áńgẹ́lì o. Ọ̀pọ̀ ibùdó ìdílé ló ní kí ariwo dá láti aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá alẹ́ títí di aago méje àárọ̀. Fújì dùn, mo gbà, àmọ́ ogiri àgọ́ aṣọ ni. Ibùdó tó bá létò máa ń fi mítà mẹ́fà sáàárín àgọ́ àti àgọ́ nítorí iná. Mítà mẹ́fà ò dá ohùn Àǹtí Bọ́sẹ̀ dúró. Òfin ariwo tí ẹ rò pé ó ń dí yín lọ́wọ́, òun náà ló ń gbà yín lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ ogún tó wá ṣe ọjọ́ ìbí pẹ̀lú ẹ̀rọ orin. Bí ibùdó bá ní “ìdílé nìkan la ń gbà,” ẹ kà á sí ohun rere.

Ó ku oníṣòwò. Ó ti pa àgọ́ sílẹ̀ dè yín, ó gbé bẹ́ẹ̀dì onígi sínú rẹ̀, ó so gílóòbù wẹ́wẹ́ kọ́, ó pè é ní glamping, ó sì gba owó òtẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá ní in, ẹ lọ, mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tó kọ dáadáa, torí mo ti rí èyí tó ní kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú aṣọ onírun, tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì jẹ́ garawa pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú igi lẹ́yìn ilé. Kápẹ́ẹ̀tì lẹ sanwó fún. Ibi ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, omi gbígbóná, ilẹ̀ tó tẹ́jú, àwọn aládùúgbò tó ń sùn: ibùdó lásán tó bójú mu ní gbogbo rẹ̀, ìdá díẹ̀ nínú owó yẹn ló sì ń gbà.

Owó náà ní ìgbà tirẹ̀. Ní England, bí ẹ bá mú ọmọ kúrò nílé ìwé fún ọjọ́ márùn-ún láìgbàṣẹ, owó ìtanràn láti oṣù kẹjọ ọdún 2024 jẹ́ pọ́ùn 80 fún òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ẹ bá tètè san án. Òbí méjì, ọmọ mẹ́ta: 480. Nítorí ẹ̀ ni gbogbo wa fi ń rọ́ sínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kan náà, tí owó ibùdó sì ń gòkè. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan tó máa ń wà ní ìparí oṣù karùn-ún ni mo fẹ́ràn jù. Ní Scotland, ọmọ ilé ìwé sábà máa ń wọlé padà láàárín oṣù kẹjọ, ibùdó wọn á wá rọ̀ díẹ̀ nígbà tí tàwa ṣì ń lọ lọ́wọ́. Kìkì pé ní ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀, kòkòrò wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní midge á fi yín ṣe oúnjẹ alẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ yan ibùdó lọ́sẹ̀ yìí, ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ béèrè bóyá omi gbígbóná máa ń tán láàárọ̀ Sátidé. Ẹ béèrè ibi tí omi òjò máa ń dúró sí nínú pápá. Ẹni tó mọ ilẹ̀ rẹ̀ á sọ fún yín láìronú. Ẹ béèrè amp mélòó. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé mítà mélòó ló wà láàárín àyè àgọ́ tí wọ́n fẹ́ fún yín àti ẹnu ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní kò jìnnà. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ ní mítà.